Afẹ́fẹ́ Inú Táyà Màmi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Dókítà ti sọ tirẹ̀. Ó ní nǹkan kan kò gbọdọ̀ máa jan Màmi níbàdí mọ́, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gígùn sílẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ náà pamọ́ síbi tí ojú wọn kò ti ní máa kàn án, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìgò oògùn àti ọmọ kékeré. Màmi gbé àpò wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde.

Nígbà tí a délé, ojú fèrèsé yàrá iwájú ni wọ́n lọ jókòó sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wà di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò yìí, tí ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé, ló wá di ẹni tó ń wo àwọn tó ń kọjá. Wọn ò lè rìn jìnnà. Wọn kì í wọ mọ́tò, nítorí èébì. Bí kẹ̀kẹ́ bá lọ, ìta ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti gbọ́ kí a tó bọ́ bàtà. Ó ní oníṣòwò aṣọ kan ń wá kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí yóò gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fún ẹwà lásán. Ó ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá ti wọlé, òun á wá gbé e. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé a fẹ́ tà á. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣebí ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n lorúkọ tó fún mi láti ọjọ́ tí mo ti kàwé dé láti òkè òkun. Kì í ṣe oríyìn. Lójúkojú, mo máa ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Nínú ìwé yìí, "ó" ni yóò máa jẹ́. Ìwé mi ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi àkísà àti òróró nu ún. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Dúdú, ìjókòó aláwọ, ìbòrí ṣéènì tó ti rọ́ lápá kan. Kò dípẹtà síbì kankan. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé yìí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Mo fi àtàńpàkò tẹ táyà. Bí ìgbà tí mo tẹ pákó ilẹ̀kùn ni. Mo fi géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, wọ̀n ọ́n: ó lé ní àádọ́rin. Bẹ́ẹ̀, lára táyà náà fúnra rẹ̀, àádọ́ta ni wọ́n tẹ̀ sí i.

Mo ti ń kà nípa ọ̀rọ̀ yìí láti ìjẹta. Ohun tí mo rí dì mú ni pé táyà ló yẹ kó máa jẹ ìyà tí ìbàdí ń jẹ. Bí táyà bá fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀ jù, òkúta á wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, táyà á gbà á mọ́ra, kẹ̀kẹ́ á kọjá. Bó bá tín-ín-rín tó sì le, ńṣe ni òkúta á gbé odindi kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó jókòó lé e sókè, á sì jù wọ́n sílẹ̀. Òkúta ni wọ́n sì tò sójú ọ̀nà àdúgbò wa, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé ilé ìgbẹ̀bí. Kí ẹni tó lè ṣírò wá ṣírò iye òkúta, kó wá fi iye ọdún sọ ọ́ di púpọ̀.

Mo bi Màmi pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pọ́ǹpù rẹ̀ tó báyìí. Wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe ń pọ́ǹpù táyà nìyẹn." Wọn ò gbójú kúrò lójú fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ sọ́dọ̀ Tẹ̀ẹ́wò ní oríta. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni. Bó bá ti pọ́ǹpù táyà tán, á fa àtàńpàkò oníkẹ̀kẹ́ sórí rẹ̀, á ní, "Tẹ̀ ẹ́ wò." Bó bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, á tún bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń pọ́ǹpù ti Màmi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú.

Mo ní kó bá mi jò ó wálẹ̀ sí ogójì. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó wá da omi sínú epo òun. Ó ní táyà rírọ̀, ti ọ̀lẹ ni, pé ó máa ń wúwo, ó máa ń jẹ rímù, ojú sì máa ń tini láti gùn ún láàárín ìlú. Ó ní bàbá mi gan-an ló kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́ yẹn nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò gbà kí táyà gba ìka wọlé láéláé.

Oníbàárà kan tó jókòó síbẹ̀ béèrè bóyá orí ìrọ̀rí ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ níbi tí mo ti kàwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí bí n kò bá rín in, wọ́n á tún rín in lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu mi bí ewé tí kò jiná. Mo kàn fẹ́ kí ìyá mi lè jáde nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo ti ní kí wọ́n fi táyà fífẹ̀ ránṣẹ́ láti ìlú ńlá. Gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí. Bàtà òjò tí mo fẹ́ rà di ọdún tó ń bọ̀. Màmi ò jáde lónìí. Wọn ò jáde lánàá náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ojú tì mí lónìí débi pé mi ò fẹ́ kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ kó má baà máa gbé mi nínú.

Lára táyà àtijọ́, 26 × 1⅜ ni wọ́n kọ. Mo ṣírò rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ, 0.375 ni. Nítorí náà 1.375 nìyẹn, 1.75 sì fẹ̀ jù ú lọ. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì ni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ra 26 × 1.75. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yẹn.

Táyà náà ò gba rímù wọlé. Ó kéré. Tẹ̀ẹ́wò ní irọ́ ni, táyà ni táyà, agbára ló ń fẹ́. Ó fi irin méjì tí wọ́n fi ń yọ táyà gbé e, ó fẹsẹ̀ tì í, òógùn bò ó. Irin kan kán. Wáyà etí táyà tẹ̀ kọdọrọ bí ìkọ́. Bàbá Kékeré ń kọjá lọ, ó dúró, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó wo gbogbo rẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló wá la ẹnu:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ìṣirò yín ló kéré ni, àbí kẹ̀kẹ́ wa ló tóbi?"

Tẹ̀ẹ́wò tó ti ń bínú sí irin tó kán náà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré fi kún un pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó bu ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti rí i. Nọ́ńbà kékeré kan wà lára táyà àtijọ́, ìdọ̀tí ló bò ó: 590. Èyí ni bí rímù ṣe gbòòrò tó láti etí kan dé ìkejì ní mìlímítà, òun sì lòótọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí mo rà, 559 ni. Àwọn tó kọ tiwọn pẹ̀lú ìdá, bíi 1⅜, àti àwọn tó kọ tiwọn pẹ̀lú ojúàmì, bíi 1.75, bí ọmọ ìyá méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n, wọ́n kàn jọ ń jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ta ni kì bá ṣìnà? Gbogbo ẹni tó bá mọ ìṣirò ló máa ṣì í. Ẹni tí kò mọ ọ́n ló máa bọ́.

Mo ti ránṣẹ́ fún òmíràn. Fífẹ̀, 590. Inú ń bí mi sí gbogbo ayé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Màmi rí mi níbi tí mo ti ń fi omi ọṣẹ fọ rímù, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ kẹrin oṣù nìyí tí wọ́n máa kúrò lójú fèrèsé láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ jẹun tàbí kí wọ́n sùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá mi. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ tí àwọn ti fẹ́ra ni bàbá mi ti máa ń jí ṣáájú, tí wọ́n á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á pọ́ǹpù táyà méjèèjì kí Màmi tó wẹ̀. Ìró pọ́ǹpù ló máa ń jí Màmi. Ọjọ́ tí ibà dá bàbá mi dùbúlẹ̀, wọ́n wọ́ ara wọn débẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n pọ́ǹpù ẹ̀ ní ìjókòó.

"Bàbá ẹ kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́," Màmi ní. "Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn ò kọ́ ọ. Pọ́ǹpù ló fi ń sọ tirẹ̀. Mi ò jí bá táyà tó rọ̀ rí lójú ayé bàbá ẹ. Àwọn obìnrin tó kù níbi iṣẹ́, wọ́n máa ń ti kẹ̀kẹ́ kiri kí wọ́n tó rí ẹni bá wọn pọ́ǹpù ẹ̀. Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni."

Mo ti gbọ́ díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ rí, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ fún mi báyìí rí. Ojú wọn dà bí ojú ọmọge. Mo ní ó dára púpọ̀. Ó sì dára. Mo padà sídìí rímù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Táyà dé. Ó wọ rímù wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ oníbàtà ṣe ń wọ bàtà rẹ̀. Mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ Tẹ̀ẹ́wò, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, èékánná méjì ló lọ sí i.

Ó fẹ̀ débi pé ó ń ha irin tó ń dá ẹrẹ̀ dúró lẹ́yìn. Mo tú àwọn ọ̀pá tó dì í mú, mo tẹ̀ wọ́n síta díẹ̀díẹ̀, mo yí táyà, ó ṣì ń ha, mo tún tẹ̀ wọ́n. Ìgbà tó yá, ó dákẹ́. Mo yí i, mo yí i, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú mi dùn fún bí ìgbà tí omi fi ń hó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ṣe àṣejù. Ìwé tí mo kà ní kí ó rọ̀, èmi ní kí ó rọ̀ dáadáa. Ogún péré ni mo fi sí i, níwájú àti lẹ́yìn. Mo bẹ Màmi, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n kàn gùn ún yípo àgbàlá, wọ́n gbà nítorí tèmi. Wọ́n gùn ún. Wọ́n ní ó ń fì bí ẹni tó mutí yó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gun etí pèpéle, táyà ẹ̀yìn lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, rímù kan òkúta, gbì! Gbogbo ara wọn ló gbà á. Wọn ò ṣubú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di ògiri mú.

Nígbà tí mo tú tíúbù, ihò méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ojú eyín ejò.

Wọ́n dùbúlẹ̀ láti ọ̀sán. Mo fi ìpara dókítà ra ìbàdí fún wọn. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ohun gbogbo lo máa ń fẹ́ ṣe dé òpin." Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ni wọ́n ń bá wí tàbí táyà.

Bàbá Kékeré ránṣẹ́ pé òun ti gbọ́, pé ṣé kẹ̀kẹ́ ò bàjẹ́ ṣá? Kò béèrè ìbàdí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò dá. Mo ti lẹ tíúbù. Lónìí mo ṣe é bó ṣe yẹ. Mo ní kí Màmi jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n fọwọ́ kan di ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí pẹ́dà bí ẹni tó ń lọ. Mo dojú bolẹ̀ pẹ̀lú rúlà, mo ń wo bí táyà ṣe ń wọlẹ̀ lábẹ́ wọn. Bó bá wọlẹ̀ jù, rímù á kan òkúta. Bí kò bá wọlẹ̀ rárá, ìbàdí ló máa wọlẹ̀. Ẹ̀yìn ló ru ẹrù jù, nítorí náà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ le ju iwájú lọ. Mo pọ́ǹpù, mo jò ó, mo tún pọ́ǹpù.

Màmi ń wò mí láti òkè. Wọ́n ní báyìí gan-an ni àwọn ṣe máa ń dojú bolẹ̀ bí orí ọmọ bá fẹ́ yọ. Mo rẹ́rìn-ín títí rúlà fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ṣé akọ ni àbí abo?" Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, kò tíì sunkún."

Ibi tí mo fi í sí: ẹ̀yìn, méjìdínlógójì. Iwájú, ọgbọ̀n. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, àtàńpàkò mi wọlé díẹ̀, ó sì tì í padà. Ó wù mí láti fi han Tẹ̀ẹ́wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n-lé-mẹ́ta, ọgbọ̀njọ́ ni mo ń wí

Màmi máa bá mi wí lórí bí mo ṣe kọ ọjọ́ yẹn bí wọ́n bá rí i. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò ní agbára àtipa nǹkan rẹ́ lónìí.

Wọ́n gùn ún. Ọ̀sán, oòrùn pọ́n, ojú ọ̀nà ti gbẹ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òkúta náà wà níbẹ̀, ẹyọ kan ò yẹ̀. Mo ń wo èjìká wọn, nítorí èjìká ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ti jan ìbàdí. Èjìká ò mì. Kẹ̀kẹ́ ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n lọ dé ilé aránṣọ, wọ́n yí padà, wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa láìdúró, wọ́n tún lọ sápá kejì. Mo pariwo. Èmi tí mi ò pariwo nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí.

Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀. Mo ní ṣé ó dáa. Wọ́n ní, "Kò ro mí."

Mo ti ń fò. Wọ́n ní ṣé afẹ́fẹ́ nìkan ni mo dín kù. Mo ní afẹ́fẹ́ ni, àti táyà tó fẹ̀. Wọ́n ní ṣé táyà fífẹ̀ yìí ti wà tipẹ́. Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti pa ẹnu mi dé. Àmọ́ mo ti kà á, mo mọ̀ ọ́n, ó ń yún mi lẹ́nu. Mo ní ó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Mo ní kódà ká ní wọn ò pààrọ̀ táyà rárá, ká ní wọ́n kàn jò ti àtijọ́ wálẹ̀ sí iye tí wọ́n kọ sí i lára, ìbàdí ì bá má rí báyìí. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì.

Màmi ń wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

"Bó ṣe yẹ kó máa rí nìyí, nígbà náà," wọ́n ní. Ohùn wọn ò ga. "Gbogbo ọdún yẹn. Mo máa ń rò pé bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá ẹ fi ń ṣe é fún mi. Láràárọ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n wọlé, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ bí olè tí wọ́n mú pẹ̀lú ẹrù. Mo ti borí. Ẹ bá mi yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù keje

Wọn ò jókòó lójú fèrèsé mọ́. Inú yàrá ni wọ́n wà, wọ́n ń ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀.

Mo wọlé lọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ní bàbá mi ò mọ̀, pé gbogbo ayé ló rò pé kó le ló dáa, pé Tẹ̀ẹ́wò tó ń fi í jẹun gan-an ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kò mọ̀. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí òkú, wọn ò bínú sí mi.

"O ò ṣe nǹkan burúkú, ọmọ mi. Ohun kan ni mo ní tẹ́lẹ̀, mi ò ní in mọ́. Ìyẹn náà ni."

Wọ́n ní kí n bá wọn gbé aṣọ sókè. Mo gbé e. Ó dùn mí pé wọn ò nà mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Màmi gun kẹ̀kẹ́ lọ kí ìyá ọmọ tuntun kan. Wọn ò sọ fún mi. Ìbòrí ṣéènì tó ń dún ni mo gbọ́. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọ́n sì jẹun dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Bàbá Kékeré dé láti gbé kẹ̀kẹ́. Ó mú okùn lọ́wọ́. Tẹ̀ẹ́wò tẹ̀ lé e, ó ní òun wá bá wọn tú ìjókòó kó lè rọrùn láti gbé.

Màmi kí wọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ò lọ síbì kankan, àwọn ti ń gùn ún padà. Bàbá Kékeré wò wọ́n lókè nílẹ̀. Ó ní báwo? Ṣé ìbàdí kọ́ ni dókítà ní ó ti tán? Mo ti la ẹnu. Mo ti ń dúró de ọjọ́ yìí láti ọjọ́ ẹ̀pà. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi: 590, méjìdínlógójì, ọgbọ̀n.

Kí n tó sọ ọ́, Tẹ̀ẹ́wò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ti tẹ táyà ẹ̀yìn. Ó gbójú sókè sí Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré náà wá tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, táyà yìí rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí táyà yín rọ̀ lọ́jọ́ kan. Àbí ohun tí ọmọ yìí kọ́ yín ni pé gbogbo ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń jí pọ́ǹpù ẹ̀, ìyà ló fi ń jẹ yín?"

Àwàdà ló fi ṣe. Kò mọ ohun tó sọ. Mo wo Màmi, Màmi ò wò mí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" wọ́n ní. "Ó jò ni, ọkọ mi. Mo ní kí ọmọ yìí pọ́ǹpù ẹ̀ láti àná, ìwé ló ń kà. Ìpara dókítà ló wò mí sàn. Táyà ò ní ọwọ́ nínú ẹ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi. Ojú wọn ò le, ó ń bẹ̀bẹ̀. "Lọ mú pọ́ǹpù wá. Pọ́ǹpù ẹ̀ bí bàbá ẹ ṣe máa ń pọ́ǹpù ẹ̀."

Mo mú un wá. Mo kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, mo pọ́ǹpù. Iwájú, ẹ̀yìn. Mi ò lo géèjì. Apá mi ń ro mí. Tẹ̀ẹ́wò dúró lé mi lórí, ó ń fi ẹsẹ̀ ka ìlù ìró pọ́ǹpù, ó ní kí n má dáwọ́ dúró, kí n má dáwọ́ dúró, ó kù díẹ̀. Nígbà tó tó, ó fa àtàńpàkò mi sórí rẹ̀. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ wò." Mo tẹ̀ ẹ́. Pákó.

Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí ni kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi." Ojú rẹ̀ rọ̀. Mo rí i nígbà náà pé ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì lè kórìíra rẹ̀ bó ṣe wù mí mọ́. Ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Ó ní ṣé ẹ lè gùn ún lóòótọ́? Màmi ní kí ló dé tí àwọn ò fi ní lè gùn ún. Wọ́n gbé e jáde. Wọ́n gùn ún níwájú gbogbo wa, lórí òkúta, lórí àádọ́rin ó lé. Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n tún juwọ́ sí aránṣọ. Ẹni tí kò bá mọ èjìká yẹn á ní ẹni tó ń gbádùn ni. Mo mọ èjìká yẹn. Mo ka gbogbo òkúta náà pẹ̀lú wọn.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ pé ìpara dókítà kúkú ni, pé ẹ wo iye wàhálà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe nítorí rọ́bà. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ wo Màmi.

Mo bá wọn lẹ́yìn ìyànà, níbi tí ògiri ilé ẹ̀kọ́ ti fi ilé wa pamọ́. Wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kan níbàdí, wọ́n ti tú ẹnu tíúbù ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ń jáde pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́. Omi wà lójú wọn, bóyá ti ìrora, bóyá ti nǹkan míì. Wọn ò nu ún.

"Ṣé wọ́n ń bọ̀?" wọ́n ní.

Mo ní rárá.

Wọ́n tẹ táyà, wọ́n tún jò ó díẹ̀ sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá lọ sídìí ti iwájú. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi pé mélòó ni. Àtàńpàkò wọn ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó tó, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n mú ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí lọ jẹ́ẹ́, èjìká wọn ò sì mì.

Mo padà sílé lọ gba ẹ̀rín tèmi.